Ojú Ọ̀tún Aláago

Bí aago bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní àdúgbò wa, tí o sì béèrè ẹni tó lè jí i, àbúrò mi ni wọn yóò júwe fún ọ. Wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀. "Lọ bá Ojú Àṣá," ni wọn yóò wí, "ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì." Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, tí mo nu ikun imú rẹ̀, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, tábìlì tirẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, pátákó kan tí kò ga ju àyà lọ ló là wá láàárín. Tábìlì náà mọ́ ju ibùsùn ẹlòmíràn lọ. Aṣọ funfun ló tẹ́ sí i kí ohun kékeré má baà sọnù, orí aṣọ náà ló to irinṣẹ́ rẹ̀ sí, èyí tó nípọn jù nínú wọn kò ju igi ìtayín lọ. Ó ní awò dúdú kékeré kan tó máa ń há sí ojú ọ̀tún. Bó bá ti há a báyìí, o lè jí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀.

Ojú òsì rẹ̀ kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, igi ta á lójú níbi tí a ti ń ṣeré, láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé bàìbàì ni ojú náà ń ríran. Ó lè fi rí ọ̀nà, ó lè fi mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ka ìwé, ká má tíì sọ inú aago. Ojú Àlejò la sọ ọ́, torí ó ń gbé inú ilé, kì í ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀tún ló ń bọ́ ilé. Òun ló fi kọ́ iṣẹ́, òun ló fi rí ìyàwó fẹ́, òun náà ló sì fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo títí tó fi wọ ilé ọkọ. Ìyàwó náà ti kú, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ló wá kù nínú ilé bàbá wa.

Láàárọ̀, kí n tó tẹ ẹ̀rọ, màá na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i lórí pátákó. Yóò fi ahọ́n tọ́ ẹnu òwú, yóò gbé abẹ́rẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀, òwú ti wọlé. Kì í gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ gbà, ìyá àgbà," ni yóò wí, torí ó mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní ìyá àgbà.

Bàbá wa ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun náà ló kọ́ ọ ní òfin kan tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀: aago tó bá ń rìn, a kì í ṣí ìdí rẹ̀. Èyí tó kú la ń tú. Bí o bá tú èyí tó ń rìn torí pé o fẹ́ wo inú rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ lo fi pa á. Òfin tó dára ni fún aago. Bàbá tó ṣe òfin náà fọ́jú kó tó kú, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì mọ ohun tó mú un. Àwọn kan ní ogbó ni, àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fi etí gbọ́ aago ògiri, àbúrò mi ló sì máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ohun tó gbé àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú kò ju èérún irin kan tó ta sí i lójú lọ. Wọ́n yọ irin náà, ó fẹ́ dìde, dókítà ní kó jókòó. Obìnrin ni dókítà náà, kì í pariwo. Ó wo inú ojú méjèèjì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wọn ìfúnpá inú wọn, ó wá béèrè bóyá ẹnì kan fọ́jú rí nínú ìdílé wa. Èmi tí mo sìn ín lọ ni mo sọ ti bàbá wa fún un.

"Gilakóòmà ni wọ́n ń pè é," ni dókítà wí. "Omi inú ojú kò rí ọ̀nà jáde bó ṣe yẹ, ó wá ń fún iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀, àárín ló máa ń jẹ kẹ́yìn. Ẹ lè máa ka ìwé kí ẹ má mọ̀ pé ó ti jẹ ìdajì."

"Ṣùgbọ́n mò ń ríran, dókítà. Mo ríran ju gbogbo ẹni tó wà níta yẹn lọ."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣọ́ nìyẹn. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Oògùn yìí kò ní mú kí ẹ ríran sí i, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Ẹ máa kán an sí ojú méjèèjì, láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí láé ni, bàbá."

Mo rí i bí ara rẹ̀ ṣe kú. Oníṣẹ́ aago ni. Ohun tó bá bàjẹ́, yóò tú u, yóò tò ó, yóò dá a padà fún ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ló ń tún nǹkan kan ṣoṣo ṣe títí láé? Dókítà yẹ ojú tèmi náà wò lọ́jọ́ náà, torí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n máa padà wá lọ́dọọdún, torí àìsàn yìí fẹ́ràn láti máa tọ ìdílé.

Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ojú kọ́ ọ bí yóò ṣe fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, tí yóò kán ẹ̀kán kan, tí yóò sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Aláwàdà ni nọ́ọ̀sì náà. "Bàbá, eléyìí kì í ṣe oògùn orí fífọ́ tí ẹ máa wá nígbà tí orí bá ń fọ́ yín o. Ẹ ṣe é bí ẹni ń tilẹ̀kùn. Àbí ìgbà tí olè bá wọlé tán lẹ̀yin máa ń tilẹ̀kùn tiyín?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo pa á lówe pé igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó lò ó. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń ta, ó sì máa ń mú kùrukùru bo ojú fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá kán an. Fún èmi tàbí ìwọ, kí ni ìyẹn? A ó jókòó, a ó nu ojú, ó parí. Fún ẹni tó ń fi ẹ̀mú gbé irin tó kéré ju hóró yanrìn lọ ńkọ́? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, sípíríǹgì inú aago ọwọ́ obìnrin kan fò mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi àti òun fi orúnkún rìn ká inú ṣọ́ọ̀bù, a gbọn gbogbo aṣọ tí mò ń rán, a kò rí i. Obìnrin náà wá gba aago rẹ̀. Ó ní aago ìyá òun tó ti kú ni, ó sì sunkún níwájú wa. Àbúrò mi kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ló ti lọ ro ohun tó jẹ́ pé oníṣẹ́ aago nìkan ló lè rò ó. Ojú ọ̀tún ń ṣiṣẹ́; aago tó ń rìn ni, kí wọ́n má ṣí ìdí rẹ̀. Ojú òsì kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kò sí ohun tí kùrukùru fẹ́ bà jẹ́ fún un. Kí òun máa mu oògùn. Ló bá ń kán ti òsì láàárọ̀, ó ń kán an lálẹ́, kò fo ọjọ́ kan. Ọ̀tún kò rí ẹ̀kán kan mọ́. Bí dókítà bá bi í pé ṣé ó ń lo oògùn, yóò ní, "Mò ń lò ó, mà." Ẹ ò rí i, kò tilẹ̀ parọ́.

Èmi ni mo ká a mọ́. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ láàárọ̀, mo gbójú sókè, mo rí i tó kán ojú òsì, tó dé ìgò, tó sì na ọwọ́ sí awò rẹ̀.

"Ojú kejì dà?" ni mo bi í.

"Èwo ni ojú kejì, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọ̀tún! Àbí mélòó lo ní? Mo dúró síbí, mò ń wò ọ́."

Ó na ọwọ́ sí mi lórí pátákó. "Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín wá."

"N kò bi ọ́ ní abẹ́rẹ́."

"Ẹ ṣáà mú un wá." Ó gba abẹ́rẹ́, ó gba òwú, ó fi ahọ́n tọ́ ọ, ó ti wọlé. Ó gbé e sí mi lọ́wọ́. "Ṣé ojú tó ń ṣàìsàn lẹ rí yẹn? Ojoojúmọ́ ni mò ń fi abẹ́rẹ́ yín dán an wò. Aago tó bá ń rìn, Ẹ̀gbọ́n..."

"Bàbá tó kọ́ ọ ní òfin yẹn, kí ló gbẹ̀yìn ojú rẹ̀?"

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já bọ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo sọ fún un pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Mo sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ náà gan-an, mo sì wọ́ ọ lọ bá nọ́ọ̀sì.

Mo rò pé nọ́ọ̀sì yóò bá mi bú u. Kò bú u. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé ó ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́? Oríṣi mìíràn wà tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan lẹ máa kán an, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kùrukùru ti lọ." Ó wọlé lọ bá dókítà, wọ́n pààrọ̀ oògùn náà. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju kí èèyàn la ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni aláago yóò ṣe dìde láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó ní òun kì í ríran dáadáa láàárọ̀? Ọkàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí.

Oògùn alẹ́ náà kò mú kùrukùru wá, ó ń mú ojú pọ́n ni. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé pípọ́n náà yóò rọlẹ̀ tó bá yá, kó má torí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Kó tó rọlẹ̀, àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀. "Ojú Àṣá, kí ló ń ṣe ojú?" Ọkùnrin kan gbé aago iyebíye wá, ó wo ojú náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Títí di òní, ó ṣì ń bọ̀. Ẹlòmíràn sọ ọ́ ní etígbọ̀ọ́ wa pé ṣé bí ti bàbá wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí àbúrò mi tó gbé awò sójú, tí kò sì ní aago kankan lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró tì í lálẹ́ bíi wọ́dà. Yóò gbé orí sẹ́yìn lórí àga, yóò kán òsì, yóò kán ọ̀tún, omi yóò máa ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, yóò sì fi aṣọ tó fi ń nu gíláàsì aago nù ún. Ọkàn mi balẹ̀. Ojú rẹ̀ kò pọ́n mọ́, mo ní nọ́ọ̀sì kúkú sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ń di ìpéǹpéjú ọ̀tún pa wẹ́rẹ́ kí ẹ̀kán náà tó balẹ̀. Ọwọ́ tó lè gbé sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun láìmì, ta ni yóò ká àlùmọ̀kọ́rọ́yí mọ́ ọn lọ́wọ́?

Bó ṣe ń lọ, nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa, máa ń juwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó bá ń kọjá, òun náà sì máa ń juwọ́ padà. Ó wá di pé kì í dá a lóhùn mọ́. Obìnrin náà fi ara dà á títí, ó wá bá mi. "Ẹ bá mi bi àbúrò yín o. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? Mo juwọ́ juwọ́, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Ṣé ó ti di ńlá ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọkàn rẹ̀ wà lára iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi èjìká ọ̀tún gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún da ife omi sórí aṣọ funfun rẹ̀. Ó kọ lu àpótí ìjókòó tó ti wà lójú kan láti ọjọ́ tí a ti gba ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

"Ta ló gbé àpótí síbí?"

"Bàbá rẹ ló gbé e síbẹ̀. Lọ jí i, kó wá gbé e kúrò."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo na abẹ́rẹ́ sí i, òwú sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èmi ì bá rò? Ẹni tó rí ojú abẹ́rẹ́, ṣé a ó ní kò rí àpótí?

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tú síta, ó gbé aago ògiri kan tó ti tún ṣe, ó fẹ́ kọjá sódìkejì títì lọ fún ẹni tó ni ín. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó wo òsì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọ̀tún, mo rí i pẹ̀lú ojú mi pé ó wo ọ̀tún. Alùpùpù ń bọ̀ ní ọ̀tún náà, kò sì jìnnà. Ó bọ́ sí títì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Igbe mi ni alálùpùpù náà gbọ́ tó fi yà, ó ṣì gbá a ní ẹsẹ̀, àbúrò mi ṣubú lé aago náà, gíláàsì fọ́ yángá. "Ibo ló ti jáde?" ni ó ń bi mí níbi tó jókòó sí nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ibo ló ti jáde?"

Ẹsẹ̀ náà kò ní nǹkan ju bíbó lọ. Ojú ni mo ní kí wọ́n wò.

Dókítà ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, iná kéékèèké ń tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún, kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí ọ̀kan. Wọ́n bo ọ̀tún, wọ́n yẹ òsì wò. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Wọ́n bo òsì, wọ́n yẹ ọ̀tún wò. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń rí iná tó ń tàn, mo ń dúró kí n gbọ́ bọ́tìnnì, n kò gbọ́ ọ. Iná mìíràn tàn, n kò gbọ́. Mo fẹ́ pariwo pé tẹ̀ ẹ́, ó wà níwájú rẹ, tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí iná bá tàn ní àárín gan-an nìkan ló ń rí i.

Nígbà tí wọ́n parí, dókítà gbé èsì ojú méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n.

"Ojú ọ̀tún yín kò ṣẹ́ kù ju ihò kọ́kọ́rọ́ lọ," ni ó wí. "Ihò yẹn lẹ fi ń rí iṣẹ́ yín. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ti lọ. Ohun tí kò yé mi ni ti òsì. Bí òsì ṣe wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí yín, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lónìí. Kò dín rárá. Oògùn náà bá yín lára mu dáadáa. Ìgò kan náà, ara kan náà. Kí ló wá dé bá ọ̀tún?"

Àbúrò mi fi ìka kan igun ojú òsì rẹ̀.

"Òsì nìkan ni mo ń fún," ni ó wí.

"Irọ́ ni!" èmi ni mo pariwo. "Dókítà, mò ń dúró tì í. Mò ń rí omi."

"Mo máa ń dijú, Ẹ̀gbọ́n."

Inú bí mi débi pé mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, àgbàlagbà tó ti fi ọmọ fọ́kọ. Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Èjìká rẹ̀ ló balẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì wà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ojú tí kò fẹ́ kí nǹkan ṣe ni nǹkan ṣe. Ojú àlejò tó ń fi oògùn bọ́ bí ẹni ń bọ́ ọ̀lẹ ló wá dúró láti jẹ́rìí lé e lórí pé oògùn náà dára. Dókítà kò bú u. Ó ní ká ní ó sọ fún òun pé ojú ń pọ́n, àwọn oògùn mìíràn wà. Ó ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, bóyá ihò kékeré tó kù yóò dúró. Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣeun, mà," bí ẹni tí wọ́n fún lómi mu.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó wá ń kán oògùn sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe sọ, kò dijú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo na abẹ́rẹ́ sí i lórí pátákó bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó fi ahọ́n tọ́ òwú, ó gbé abẹ́rẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀. Òwú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún un tọ́, ó tún un gbé. Mo tẹ orí mọ́ aṣọ tí mò ń rán, n kò fẹ́ kó mọ̀ pé mò ń wò. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu òwú fi tú.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú abẹ́rẹ́ yìí ti dí."

"Ó ti dípẹtà," ni mo wí. "Mú un wá, màá ra òmíràn."

Kò pè mí ní ìyá àgbà. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, kò sì dípẹtà rárá, ó ń dán. Mo gbé e pamọ́ sínú àpò mi, mo jáde síta bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì, mo sì dúró sẹ́yìn ilé títí ojú mi fi gbẹ.

Ó gbìyànjú láti há awò náà sí ojú òsì lẹ́yìn ìyẹn. Ó rò pé mo ti lọ jẹun. Ó tẹ̀ mọ́ aago kan, ó tẹ̀ mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹ̀mú rẹ̀ kò rí nǹkan mú. Ojú tí kò kọ́ṣẹ́ láti kékeré, ṣé àgbà rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ? Ó yọ awò náà, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, kò sì ṣí dúrọ́ọ̀ náà mọ́.

Ó ṣì ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú Àlejò ló ń mú un lọ, òun náà ló ń mú un bọ̀, torí náà kò sí ẹni tó ń fà á lọ́wọ́ bó ṣe fa bàbá wa. Ènìyàn ṣì máa ń gbé aago wá. Yóò gbé e sétí, yóò sọ ohun tó ń ṣe é, yóò sì júwe oníṣẹ́ mìíràn fún wọn. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ojú Àṣá. N kì í fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, òun ni kò jẹ́ kí n bá wọn jà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń yọ̀ pé òun ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, torí ara òun ti yá, kò sí ibi tó ń dun òun. Àbúrò mi ní kó jókòó.

"Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ wo ojú mi méjèèjì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún wọn ní oògùn. Èyí mu ún. Èyí ní kò sí ibi tó ń dun òun."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó bọ́ síta, ó gbé oògùn rẹ̀ wá láti inú àpò tó gbé kọ́ sídìí búrẹ́dì, ó gbé e mì níwájú wa. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbé e mì, yóò pariwo láti ìta pé, "Mo ti lò ó o!" Àbúrò mi yóò juwọ́ sí i.

Ní ti èmi, mo padà lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún bí wọ́n ṣe ní kí n máa ṣe. Dókítà wo inú ojú mi, ó pẹ́ níbẹ̀, mo sì ti mọ̀ kó tó sọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ojú méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí gidi gan-an. Mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa.

Àbúrò mi gbé aago kan tó ń dún kalẹ̀ sórí tábìlì ilé wa, èyí tó tún ṣe nígbà tó ṣì lè tún nǹkan ṣe. Bó bá ti dún lálẹ́, èmi tí mo ń ṣọ́ ọ bíi wọ́dà ti di ẹlẹ́wọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó o."

"Mo ti kán an."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ọ̀tún náà."

"Ẹ ò dijú?"

"N kò dijú. Wá wò ó bí o kò bá gbà mí gbọ́."

Á wá lóòótọ́. Á tẹ ojú òsì mọ́ mi lójú títí yóò fi rí omi oògùn níbẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó jókòó. Yóò wá gbé orí tirẹ̀ sẹ́yìn, yóò kán òsì, yóò kán ọ̀tún. Dókítà ti sọ fún un pé kò sí ohun tí oògùn tún lè ṣọ́ nínú ọ̀tún, kó yéé yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo bi í nírọ̀lẹ́ àná pé kí ló wá ń kán an fún.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́," ni ó wí.

Ó fa ìpéǹpéjú náà wálẹ̀, ó ṣí ojú ọ̀tún sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀kán náà já bọ́ sínú rẹ̀. Kò dijú.